Pákẹ́ẹ̀tì Tí Kò Sọnù

Ohùn ló kọ́kọ́ fẹ́ràn, kó tó mọ ẹni tó ni ín. Àwọn kan ní ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. Tirẹ̀ gba etí wọlé, kò sì yani lẹ́nu, nítorí etí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìpè fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, Ehoro ni gbogbo wọn ń pè é. Bí ohùn bá fò ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, tí kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ, òun á ti yọ íápíìsì létí, á ní, "Ó já níbẹ̀ yẹn." Wọn á padà lọ wò ó. Á sì rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn láti ṣàlàyé ju láti ṣe lọ. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà, ẹ̀rọ a máa gé ohùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àádọ́ta ègé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Pákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ègé kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù pákẹ́ẹ̀tì á bọ́ sọ́nà, á máa sáré bọ̀ wá bá etí tó ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ á dé, àwọn kan á ṣìnà, àwọn mìíràn á dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá wọn, bí ẹni tó dé ibi ìgbéyàwó lẹ́yìn tí wọ́n ti ń kó àga. Iṣẹ́ Ehoro ni láti bo ihò tí àwọn tó sọnù fi sílẹ̀. Ètò tó kọ á wo ègé tó dé kẹ́yìn, á fà á gùn díẹ̀, á méfò èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e, á sì fi dí àlàfo náà kí etí má baà fura. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, ni ọ̀rọ̀ náà tètè yé: ó ní bí òun ṣe ń yọ òwú lára aṣọ kan náà láti fi di ojú ibi tó ya ni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí Ehoro kì í rú nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ihò bá ti fẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kí ètò rọra rẹ ohùn sílẹ̀, kó dákẹ́. Èèyàn lè bá ẹni ẹlẹ́ni parí ìdajì ìró. Kò gbọdọ̀ bá a dá odindi ọ̀rọ̀ sọ.

Ọkùnrin tó ni ohùn tí mo ń wí wà ní ọ́fíìsì wọn kejì, ní ìlú kan tí reluwé ń fi wákàtí mẹ́fà dé. Òǹkàwé ni wọ́n ń pè é. Ní àràárọ̀, á jókòó sínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, á máa ka gbólóhùn kí àwọn ará ọ̀dọ̀ Ehoro lè fi dán ìlà wò. Gbólóhùn tí kò kan ẹnikẹ́ni ni: omi ti kún garawa, ìlẹ̀kùn pupa wà lápá òsì, àbúrò mi ra bàtà méjì. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá ti ń kà á, ńṣe ló máa ń dà bíi pé garawa kan wà níbì kan tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Kò kánjú, kò sì fà. Ehoro á ti íápíìsì bọ etí, á di ojú, á ní iṣẹ́ lòun ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ti ara wọn kò ju pé lọ́jọ́ kan, Ehoro ní kó tún gbólóhùn garawa kà, ọkùnrin náà sì béèrè bóyá kò tíì kún tó ni. Ehoro rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Láti ọjọ́ náà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí oníkálukú bá ti délé, wọn á tún pe ara wọn lórí ìlà ìdánwò kan náà. Ètò tuntun Ehoro ló wà lórí ìlà yẹn, ọdún méjì ló sì fi kọ ọ́. Ó wù ú kí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ máa gbé ohùn ọkùnrin náà wá bá a nílé. Ta ni kò ní wù?

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ kì í rí bí àárọ̀. Láàárọ̀, ohùn náà á máa ṣàn geerege. Nírọ̀lẹ́, á já. Ọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dé ìdajì, ìlà á pa lọ́lọ́. Tàbí kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà máa tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, gẹ́lẹ́ bí ètò tí kò dára ṣe máa ń ṣe bó bá ń wá ohun tó máa fi dí ihò. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó ní bí gbogbo àdúgbò òun bá ti délé tán, ìlà kì í gba èèyàn mọ́. Ehoro gbà á gbọ́, ojú sì tì í, bí aránṣọ tí aṣọ tó rán tú lára oníbàárà láàárín ìgboro. Ó ní kó máa kọ gbogbo jíjá náà sínú ríipọ́ọ̀tù ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ehoro ní ó tó bẹ́ẹ̀, pé bí kò bá kọ ọ́, báwo lòun ṣe máa tún un ṣe? Ó tẹnu mọ́ ọn bí nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọdé lóògùn, títí ọkùnrin náà fi gbà. Ó wá ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìlà já lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìlà já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Kí àtúnṣe tó dé, Ehoro fúnra rẹ̀ ló ń dí àlàfo náà. Bí ọkùnrin náà bá ní, "Lánàá, mo lọ sí," tí ohùn já, òun á ní ọjà ni, ṣé ọjà lo lọ? Ọkùnrin náà á ní hẹn. Ìgbà mẹ́rin ló ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan pẹ̀lú "Mo fẹ́", tí ohùn sì já; ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Ehoro ti bá a parí rẹ̀. Ó fẹ́ sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ lọ jẹun. Ó fẹ́ káwọn fi í di ọ̀la. Òfin tí kì í rú nídìí ètò rẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn rárá nídìí ọkùnrin yìí. Àánú ló rò pé òun ń ṣe.

Oṣù mẹ́jọ kọjá báyìí, ojú kò rí ojú. Bí Ehoro bá ní kó wá, iṣẹ́ á pọ̀. Bó bá ní òun ń bọ̀, ara ọkùnrin náà kò ní yá. Bó bá ní kí àwọn pe ara wọn lórí fídíò, kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ti kámẹ́rà, ó gbé orí sókè nídìí máṣíìnì.

"Àbúrò mi," ó ní, "ọkùnrin tí kò ní kámẹ́rà, ìyàwó ló ní."

Ehoro bínú. Ó ní Àǹtí òun kò mọ ọkùnrin náà. Àǹtí ní òótọ́ ni, òun kò mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì ni wọn kò mọ̀ ọ́n. Ó tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì, ìyẹn sì ń pariwo lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá pè é. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Ọ̀gá, kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó tẹ́ ríipọ́ọ̀tù sórí tábìlì. Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé tí wọ́n máa fi pinnu bóyá ètò tuntun náà máa jáde fún aráyé lò. Mọ́kànlá nínú àwọn tó ń dán an wò ní ó dára, kò sí àléébù. Ẹnì kan ṣoṣo, Òǹkàwé, ló kọ jíjá tó lé ní ogójì láàárín oṣù kan, ẹni náà sì ni etí rẹ̀ ṣeé gbára lé jù. Ọ̀gá ní bí Ehoro kò bá rí ìdí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á padà sí ètò àtijọ́, wọn á sì gbé tirẹ̀ tì.

Ètò náà máa ń ka pákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: mélòó ló gbéra, mélòó ló dé, mélòó ló sọnù. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, iye nìkan ni. Ó ti pẹ́ tí Ehoro kò ti yẹ iye náà wò fún ìlà Òǹkàwé, nítorí pé ó gba ọkùnrin náà gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ìfẹ́ ń fọ́ni lójú. Wọn kì í sọ pé ó ń dini létí pẹ̀lú.

Ó ṣí i. Ìpè wákàtí kan, láàárín ọ̀sẹ̀ tí ríipọ́ọ̀tù ní ìlà já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: nínú ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án pákẹ́ẹ̀tì, mẹ́rin péré ló sọnù. Ìpè ọjọ́ kejì: òdo. Ti ọjọ́ kẹta: òdo. Ó rò pé ohun tó ń kà á ló bàjẹ́. Ó pe ara rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, ó fa wáyà yọ, ó dá a padà, ó tún fà á yọ. Gbogbo rẹ̀ ni ètò náà kà láìku ẹyọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi íápíìsì ńlá tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ bo etí méjèèjì, ó pe ọkùnrin náà, ó sì ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ń ròyìn alájọgbé rẹ̀ kan tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú yàrá. Ó dé ibi kan, ohùn já. Ṣùgbọ́n fáànù kan wà nínú yàrá rẹ̀ tó ń han bó bá ti ń yí, kẹ̀rẹ́, kẹ̀rẹ́. Fáànù náà kò dúró. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá sọnù, àtohùn, àti fáànù, àti ohun gbogbo tó wà nínú yàrá ló jọ ń sọnù. Ọ̀rọ̀ ti dákẹ́, fáànù ń yí lọ, lábẹ́ fáànù sì ni ó ti gbọ́ èémí ẹni tó ń ti nǹkan tó wúwo tí kò fẹ́ kúrò lójú kan. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀rọ̀ jáde. Ọkùnrin náà ní kó má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún ti dé.

Ehoro ní kò burú.

Akólòlò ni. Gbogbo rẹ̀ wá ń tò lọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kíkà kì í há a lọ́fun nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń há. Ìdí tí kò fi fẹ́ wá kò ju pé bí wọ́n bá jókòó sórí àga kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló fẹ́ dá lẹ́bi?

Ó lọ jókòó síbi ìdí máṣíìnì, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún. Àǹtí fi abẹ́rẹ́ há ètè, ó ní ṣebí ó ti hàn báyìí pé kò níyàwó, kí ló wá kù tí wọ́n ń sunkún sí? Ehoro ní bí òun bá gbé iye náà fún Ọ̀gá, ètò òun á jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ọ́fíìsì á mọ̀ pé òpùrọ́ ni ẹni tó kọ ríipọ́ọ̀tù, wọn á sì mọ ohun tó ń fi irọ́ náà bò. Ta ló máa fi akólòlò sídìí iṣẹ́ ohùn? Bí òun kò bá sì gbé e fún un, ọdún méjì òun ti wọmi nìyẹn. Àǹtí yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní irọ́ ọkùnrin náà kò dára, ṣùgbọ́n irọ́ tó pa fún obìnrin kan ṣoṣo ni.

"Ìwọ lo ní kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé."

Ehoro dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ láìjẹun.

Ní ọjọ́rú, ó pinnu pé òun kò ní dí ohunkóhun. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó há. Ehoro pa ẹnu mọ́. Àlàfo náà ń gùn, fáànù ń yí. Ìdákẹ́ yìí ṣàjèjì sí ọkùnrin náà. Ó béèrè bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ehoro ní òun wà, òun ń dúró ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òní yìí kì í ṣe kékeré.

"Fáànù ẹ kò já rí," Ehoro sọ, ó rọra sọ ọ́. "Látọjọ́ yìí, kò já rí."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fáànù pàápàá dákẹ́. Ó wo fóònù: ọkùnrin náà ti pa ìpè. Ó pè é padà lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò gbé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, Òǹkàwé dé sórí ìlà ní àsìkò iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ti ṣetán?" Ẹni tó ti ń pe Ehoro ní olólùfẹ́ láti oṣù mẹ́fà ló ń kí i ní mà. Ó ka ogún gbólóhùn láìsí àléébù kan, ó ní ó dàbọ̀, mà, ó lọ. Ehoro jókòó síbẹ̀ tí íápíìsì ṣì wà létí rẹ̀, ó ń gbọ́ ìlà tó ṣófo.

Ìpàdé ọjọ́ Ẹtì pé. Èèyàn méje ló wà nídìí tábìlì gígùn, ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè kékeré kan wà láàárín wọn, ọ́fíìsì kejì sì wà lórí ìlà. Wọ́n sọ̀rọ̀ ohun tó kù, ó wá kan ti Ehoro. Ọ̀gá ní kó sọ ìdí tí ìlà Òǹkàwé fi ń já. Ìwé tí iye wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ehoro lábẹ́ tábìlì, ó ti ká a, ó ti tú u, ó ti tún un ká. Ó dìde.

"Mi ò rí ìdí rẹ̀, mà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká padà sí ti àtijọ́."

Ó jókòó. Ó rò pé òun á sunkún, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ńṣe ni ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó sọ ẹrù sí kòtò tó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè gbé e. Ọ̀gá wò ó pẹ́, nítorí kò rí Ehoro kó gbà báyìí rí. Ó wá ń wá bírò rẹ̀ kiri.

Ìgbà náà ni ìró kan jáde láti inú agbọ́hùnsókè. Ó dà bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó tún ara rẹ̀ ṣe. Ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó dákẹ́. Ọ̀gá ní ẹ ò rí nǹkan, ó tún ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n pa ìlà náà kí wọ́n tún un pè. Ọkùnrin tó sún mọ́ ọn jù na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Ehoro ti fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó.

"Ìlà kò já, mà. Èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró."

Wọ́n dúró. Kò rọrùn fún wọn. Àwọn tó fi bíbo àlàfo jẹun ni gbogbo wọn. Ẹnì kan ń ti ìwé síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹnì kan wúkọ́. Ó tó ìgbà tí èèyàn fi ń so okùn bàtà méjèèjì kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́, èkejì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta há, ó sì bọ́.

Òǹkàwé ní akólòlò lòun láti kékeré. Ó ní gbogbo ohun tóun kọ sínú ríipọ́ọ̀tù, ahọ́n òun ni, kì í ṣe ìlà. Ó ní nítorí ojú tó ń ti òun lọ́dọ̀ ẹnì kan ni òun fi di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nígbà tí ẹni náà sì ní kóun máa kọ ọ́, òun kò mọ bóun ṣe máa jáde kúrò nínú rẹ̀.

"Ètò rẹ̀ kò ní àbùkù," ó ní. Gbólóhùn kékeré yẹn ló pẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà sídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a parí rẹ̀.

Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́ o, ríipọ́ọ̀tù kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bo ìtìjú. Láti òní lọ, ẹlòmíràn ni yóò máa kọ ọ́. Òǹkàwé ní òun gbọ́, mà. Ó béèrè, ó sì gba ìgbà díẹ̀, bóyá kóun kó ẹrù òun kúrò nínú yàrá ìkàwé ni. Ọ̀gá ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣé òun sọ pé kò mọ̀ ọ́n kà? Ó wá yí sí Ehoro. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun fẹ́ gbọ́: bí èèyàn bíi ti Òǹkàwé bá ń lo ètò yìí, tí ó bá dánu dúró, ṣé ètò náà á mọ̀ pé kì í ṣe ìlà ló já, tí kò fi ní máa da ìró tirẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ehoro tẹ́ ìwé tó ti rún náà sórí tábìlì.

"Ètò yẹn mọ̀ ọ́n, mà," ó ní. "Èmi ni mi ò mọ̀."

Ọ̀gá ka iye náà láti òkè délẹ̀. Ó wo Ehoro, ó wo agbọ́hùnsókè, ó tún wo Ehoro, ó jọ pé nǹkan kan yé e tí kò sọ. Ó fi ọwọ́ sí i kí ètò náà jáde fún aráyé.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ehoro kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó tì í. Nígbà tó dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e. Òǹkàwé bẹ̀bẹ̀ ti "mà" tó fi pè é. Ehoro bẹ̀bẹ̀ ti ríipọ́ọ̀tù tó fi agídí mú un kọ, àti ti gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbà lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ wá. Ọkùnrin náà ní òun kò fẹ́ sùn lọ́jọ́ tó bá òun parí ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ebi kò pa òun. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ní, "Mo fẹ́," ó sì há.

Ehoro fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ní yàrá kejì, máṣíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́. Àǹtí náà ti dẹtí.

"Mo fẹ́ wá rí ẹ," Òǹkàwé sọ ọ́ tán. "Lọ́la. Reluwé aago méje." Ó mí. Ó ní kó má retí ohùn àárọ̀ o. Ó ní bó bá di ojúkojú, ó máa ń burú ju báyìí lọ, pé ó ṣeé ṣe kóun dúró ní ibùdókọ̀ kóun má lè kí i rárá, kí àwọn èèyàn máa wo àwọn.

Ehoro bi í pé ìgbà wo ni reluwé tó máa gbé e padà. Ó ní ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

"Àyè wà fún mi láti dúró dè é nìyẹn," Ehoro sọ. "Máa bọ̀."